Ta ló sọ bàbáláwo di ẹni ẹ̀rù nínú sinimá?

 

Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àwọn sinimá adẹ́rùbani, ti àtijọ́ àti ti òde òní. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín pé kí ló kan bàbáláwo nínú sinimá. Ó kàn mí gidi. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé ìsinmi, ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá láti Èkó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa ní Àkúrẹ́. Ilé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Lọ́jọ́ tó dé, ìyá àgbà rẹ̀ gbé iyán síwájú rẹ̀, ó ní ebi kò pa òun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Bísíkíìtì tí ìyá rẹ̀ dì sínú báàgì fún un nìkan ló ń jẹ. Bí ó bá sì fẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí Ifá mi wà, eré ló máa ń sá kọjá. Mo pè é, mo bi í léèrè, kò dáhùn. Alẹ́ ọjọ́ kejì náà ló tó rọra bi ìyá àgbà rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé orí èèyàn wà nínú yàrá Bàbá?"

Orí èèyàn! Ikin, ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọpọ́n, ìrọ́kẹ́ àti ìyẹ̀rosùn ló wà nínú yàrá yẹn. Inú fóònù ìyá rẹ̀ lọ́mọ ti rí tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ pupa, tó fi ẹfun yí ojú kan, jókòó ti agbárí òkú, ó ń sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá kí owó lè dé. Bàbáláwo ni wọ́n pe ọkùnrin náà. Ọmọ yìí sì mọ̀ pé bàbáláwo ni bàbá àgbà òun. Kí lẹ fẹ́ kó rò?

N kò bá a jà. Èmi náà ti bẹ̀rù sinimá rí.

Ìlú Oǹdó ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé Aiyé, sinimá Hubert Ògúǹdé, wá fún wa wò. Ọdún 1979 ló ṣe é, Ọlá Balógun ló sì darí rẹ̀. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn wa, gbogbo gbọ̀ngàn sì kún dẹ́nu. Nígbà tí àwọn àjẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé wọn nínú igbó lóru, àwọn àgbà ọkùnrin pàápàá ń bojú. Nígbà tí a ń lọ sílé, kò sẹ́ni tó fẹ́ rìn gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ta ló ṣẹ́gun nínú sinimá yẹn? Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni, bàbáláwo, Ògúǹdé fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Ẹni tó bá mọ Ifá mọ̀ pé orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ lásán. Odù tó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run ni. Nígbà tí ìlú dàrú, ọ̀dọ̀ bàbáláwo ni wọ́n sá lọ. Nígbà tí Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Ọ̀ṣẹ́tùúrá yìí náà ló tún dìde. Ẹ̀rù bà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ilé bàbáláwo. Ńṣe ni a tún wá mọ ìdí tó fi wà nílùú.

N kò sọ pé ti àtijọ́ kò ní àléébù. Ògúǹdé sọ gbogbo àwọn ìyá wa di apànìyàn, bẹ́ẹ̀ Ifá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ifá fi yé wa pé wọ́n lágbára, pé ọwọ́ wọn wà nínú ire bí ó ti wà nínú ibi, pé ìpẹ̀sẹ̀ ni a fi ń bẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà yẹn, mélòó nínú àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n ti pè ní àjẹ́ láìṣẹ̀? Sinimá ní ọwọ́ nínú ìyẹn. Kí n sọ tiwa ká tó sọ tàwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Yẹkínì Ajíléyẹ gbé Kòtò Ayé jáde, ẹ̀rù tún bà wá. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Ní 1992, àwọn ará Ìgbò ṣe Living in Bondage, èdè wọn ni wọ́n fi ṣe é. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andy fi ìyàwó rẹ̀, Merit, ṣe ètùtù ọlà. Òkú ìyàwó wá ń yọ sí i, kò jẹ́ kó gbádùn owó náà. Ẹ wò ó dáadáa: ẹgbẹ́ òkùnkùn àwọn olówó inú ìlú ló mú un wọ inú ọ̀ràn náà, kì í ṣe awo Ifá. Ṣùgbọ́n nígbà tí sinimá náà tà, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, wọ́n wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga ibi, wọ́n sì gbé bàbáláwo kà á.

Ohun mìíràn tún yí padà. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993, wọ́n ta ilẹ̀ àwọn baba ńlá kí wọ́n lè kọ́ ilé epo síbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba owó ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. O kò lè wò ó kí owó yẹn wù ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé sórí YouTube báyìí, wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fi ń fi mọ́tò ńlá, ilé ńlá àti ọmọge han ọmọ aráyé. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀san tó dé. Ọmọ tó bá ti sùn kó tó parí, kí ló rí kọ́?

Àwọn òyìnbó náà ní sinimá adẹ́rùbani tiwọn. Nínú The Exorcist tó jáde ní 1973, àlùfáà Kátólíìkì ló bá ẹ̀mí èṣù jà. Nínú The Nun, tó jáde ní 2018, ẹ̀mí èṣù gbé aṣọ sísítà wọ̀, ṣùgbọ́n sísítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kojú rẹ̀. Àwọn tó ni ẹ̀sìn náà kò jẹ́ kí ọmọ wọn dìde nídìí sinimá pẹ̀lú èrò pé ibi ni gbogbo àlùfáà. Àwa nìkan la ń fi ọwọ́ ara wa kun ojú ara wa lẹ́ẹ̀rí.

Ẹ má ṣe sọ pé eré lásán ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ń sun orí rẹ̀ nínú ìkòkò nítorí owó. Ọ̀kan nínú wọn ní orí Facebook lòun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Èmi náà ti pàdé irú wọn. Mo jókòó ní ìsọ̀ ìyá lẹ́kùlẹ́jà kan ní Ọjà Ọba níbí, mo wá ra ewé, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá yà sí wa. Ó béèrè ohun tí n kò lè kọ sínú ìwé ìròyìn. Ìyá náà lé e bí ẹni lé ajá. Mo dìde tẹ̀ lé e, mo ní, "Ọmọ mi, ta ló rán ọ?" Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà kúkú ń ṣe é. Ṣebí a ń rí i nínú fíìmù? Ẹ ṣáà sọ iye tẹ́ ẹ máa gbà." Mo bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń kọ́ mẹkáníìkì, àmọ́ òun ti fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa orí, nípa ìwà, nípa pé ẹbọ Ifá kì í bá ìpànìyàn rìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ba tirẹ̀ lọ. N kò mọ ibi tó lọ. Èyí ń bà mí lẹ́rù ju sinimá kankan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn eléré kan wá bá mi pé àwọn fẹ́ ya fíìmù nínú pálọ̀ mi. Wọ́n san owó díẹ̀, mo gbà á, mo tún yá wọn ní ọpọ́n mi. Nígbà tí mo dé láti oko ìrọ̀lẹ́, agbárí oníke ni mo bá lórí ọpọ́n náà. Mo bínú, ṣùgbọ́n n kò dá owó padà. Nítorí náà, bí mo bá ń bá àwọn eléré wí, mo ń bá ara mi wí pẹ̀lú. Kí ni ká sì ti sọ nípa àwọn tó ń pe ara wọn ní bàbáláwo lórí fóònù lónìí, tí wọ́n wọ aṣọ pupa bí ti inú sinimá, tí wọ́n ń ṣèlérí owó ojú ẹsẹ̀? Sinimá ló kọ́ wọn, wọ́n tún wá ń kọ́ sinimá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, kéde òfin tuntun pé kí wọ́n yé fi ètùtù owó ṣe àpọ́nlé nínú fíìmù. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dé inú gbogbo fóònù, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé kí wọ́n má ṣe sinimá adẹ́rùbani mọ́. Ẹ̀rù wúlò. Ẹ̀rù èèwọ̀ ni kì í jẹ́ kí ọmọlúàbí ṣìwà hù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo Àràròmirẹ́ tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2009: ọdún méje ire, ọdún méje ibi. Títí tó fi parí, èèyàn ń bi ara rẹ̀ bóyá òrìṣà ló jà ni àbí ojúkòkòrò ọmọ aráyé. Irú ẹ̀rù tí a fẹ́ nìyẹn, èyí tí yóò mú èèyàn yẹ ìwà ara rẹ̀ wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin eléré, ẹ bi wá kí ẹ tó yàwòrán wa. Bí ẹni ibi bá wà nínú ìtàn yín, ẹ pè é lórúkọ iṣẹ́ rẹ̀: apànìyàn ni, afiniṣòògùn ni. Ẹ̀yin awo, ẹ má ṣe ta ọpọ́n yín bí mo ṣe ta tèmi. Olóyè Yẹmí Ẹlẹ́buùbọn fi Ifá Olókun Aṣọ̀rọ̀dayọ̀ hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n pé awo lè sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín jókòó wò ó.

Èmi àti ọmọ ọmọ mi jókòó wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Mo sọ ìtàn Ọ̀ṣẹ́tùúrá fún un. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ gbayawu, mo ní kó wọlé wá wá orí èèyàn náà fún mi. Ó yọjú, ó wo abẹ́ ẹní, ó wo inú àpò. Ó ka ikin, ó pé mẹ́rìndínlógún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jẹ iyán. Ṣùgbọ́n títí tó fi padà sí Èkó, kò gbà kí n ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn lóru.

Ire o.