Èbúté Rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́: Ta ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún un lápá, a ṣò ó lọ́rùn. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí a lọ ṣe àbẹ̀wò sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan létí ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì jẹyọ nínú àyọkà tí ó ń kà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, "Àǹtí, ṣé ibí yìí ni wọ́n ti tà á sókè?" Akẹ́kọ̀ọ́ wa dáhùn pé òkè òkun ni. Ọmọ náà tún béèrè pé, "Kí ló dé tí kì í ṣe ibí?" Akẹ́kọ̀ọ́ wa wojú wa, àwa náà wolẹ̀.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ìdáhùn fún ọmọ náà. A gbà pé èrè ń bẹ nínú kí a ní èbúté rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó. A sì gbà pé èrè náà kò ní kan ọmọ ilẹ̀ bí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ṣáájú iṣẹ́ bíríkìlà. Ohun tí a pè ní èbúté rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ibi tí a ti ń ta rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbé sátẹ́láìtì lọ sí gbalasa òfuurufú. A yan 'èbúté' nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń ṣí, tí ẹrù ti ń lọ, tí owó sì ti ń wọlé.

Ilẹ̀ onílẹ̀ ni a ti ń gbéra

Ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NASRDA sílẹ̀ láti máa bójú tó ìwádìí òfuurufú. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn sátẹ́láìtì wa tí ó gbéra láti ilẹ̀ Nàìjíríà. Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni NigeriaSat-1 ti gbéra ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2003. Xichang ní ilẹ̀ Ṣáínà ni NigComSat-1 ti gbéra ní ọdún 2007. Nígbà tí ìyẹn dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2008, Ṣáínà kan náà ni a padà sí ní ọdún 2011 láti ta NigComSat-1R tí ó rọ́pò rẹ̀. Kódà, NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí àwọn ọmọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, Florida ní Amẹ́ríkà ni ó ti gbéra ní ọdún 2017.

A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ni ó ń san owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san owó ọkọ̀ yóò dúró de àsìkò ọlọ́kọ̀. Yóò kó ẹrù àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú ọlọ́kọ̀. Owó tí ó bá sì ná níbẹ̀, ọjà ẹlòmíràn ni ó ń mú kún.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìlú lè rí nínú irú èbúté bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1964 ni ìjọba Faransé yan Kourou ní Guyane, ilẹ̀ wọn ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1968 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gbéra níbẹ̀. Abúlé kékeré ni Kourou nígbà náà. Lónìí, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Ìṣirò tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé nǹkan bíi 15% ọrọ̀ ajé Guyane ni ó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ òfuurufú. Kì í ṣe owó orí rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ń di iye bẹ́ẹ̀. A ó la ọ̀nà, a ó fa iná. Àlejò yóò gba yàrá, yóò jẹun. Wẹ́dà, oníná, awakọ̀, ẹ̀ṣọ́ àti alásè yóò rí iṣẹ́.

Ǹjẹ́ Ẹ̀pẹ́ yẹ fún un?

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé àǹfààní wa ni pé a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Òótọ́ ni pé ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, àti pé eré rẹ̀ ní orí ìlà náà tó 1,670 kìlómítà ní wákàtí kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá kọrí sí ìlà-oòrùn yóò jẹ àǹfààní eré yìí. Ṣùgbọ́n òkun ni ó wà ní ìlà-oòrùn Kourou. Ní ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́, ilé àti oko ènìyàn ni, láti Oǹdó dé Ẹdó, títí wọ Kamẹrúùnù. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ta rọ́kẹ́ẹ̀tì gba orí ilé onílé.

Ibòmíràn ni àǹfààní Ẹ̀pẹ́ wà. Bí a bá kọjú sí gúúsù láti etíkun Èkó, omi òkun Àtìláńtíìkì ni ó tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ilẹ̀ yìnyín Antarctica. Ọ̀nà àríwá sí gúúsù yìí gan-an ni àwọn sátẹ́láìtì tí ń ya àwòrán ilẹ̀ máa ń tọ̀, kí gbogbo ayé lè kọjá lábẹ́ wọn. Irú rẹ̀ ni NigeriaSat-1. Àwọn ni wọ́n ń fi oko, ìgbẹ́ àti àgbàrá òjò hàn wá. Ọ̀pọ̀ wọn sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò nílò rọ́kẹ́ẹ̀tì ràgàjì.

Yàtọ̀ sí èyí, ibùdó tí NASRDA ti ń ṣe ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà ní Ẹ̀pẹ́ tẹ́lẹ̀. Èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí, tí a ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, kò jìnnà síbẹ̀. Ilé ìfọpo Dangote, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní ọdún 2024, wà ní agbègbè kan náà. Kẹrosíìnì tí a tún sẹ́ dáadáa sì ni ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì ń jó. A kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́.

Àwọn kan yóò ní owó rẹ̀ pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣe é gbé sọnù. Ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà ná ju igba mílíọ̀nù dọ́là owó ìlú lórí irú èbúté yìí. Wọ́n ṣí ilé rẹ̀ ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni ọkọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ tó kọ́kọ́ gbé ènìyàn dé òfuurufú láti ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kí a má ṣe fi ilé aláràbarà bẹ̀rẹ̀. Orí ènìyàn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ta ni yóò jẹ èrè náà?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, àwọn ará Guyane dí ojú títì. Wọ́n ní ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ kò tó, àwọn ọ̀dọ́ kò sì ríṣẹ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn aṣojú wọn wọ inú èbúté Kourou, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí ó gbéra ní oṣù Kẹta kò gbéra títí di oṣù Karùn-ún. Owó ń kọjá lójú wọn, ṣùgbọ́n kò yà sílé wọn.

Ti Alcântara ní ilẹ̀ Bùràsíìlì tún bani nínú jẹ́ jù. Lẹ́yìn tí ìjọba dá èbúté sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1983, wọ́n ṣí ìdílé 312 nípò kúrò létí òkun. Àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni wọ́n. Apẹja ni wọ́n, wọ́n sì kó wọn lọ sí ibi tí ó jìnnà sí omi. Ọdún 2025 ni ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kéde pé Bùràsíìlì jẹ̀bi. Àwọn apẹja wà ní Ẹ̀pẹ́ náà. Bí a kò bá tètè ronú nípa wọn, ìtàn àwọn ará Alcântara yóò di tiwọn.

Ohun mẹ́ta ni a rò pé ó wà ní ìkáwọ́ wa. Èkíní, kí a kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè tí ó yé e. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá léwájú rẹ̀ láti ọdún 1970, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Kí ẹ̀ka wa jókòó ti ọ̀rọ̀ bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì, gbalasa àti agbára òòfà ilẹ̀, kí a fi ẹnu kò lórí wọn, kí a sì kọ wọ́n sínú ìwé ọmọ kíláàsì. Èkejì, kí ilé-ẹ̀kọ́ wa àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ etí ọ̀sà fọwọ́ so wọ́ pọ̀, kí wẹ́dà àti oníná tí èbúté yóò gbà má baà jẹ́ àlejò nìkan. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe jẹ́ kí a gba ilẹ̀ kankan láìjẹ́ pé a kọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí baálẹ̀ àti apẹja lè kà á fúnra wọn. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ yìí yẹ ju ẹ̀ka Yorùbá lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń múra àtilọ ṣe ìdánrawò, irú ọmọ yẹn ń dúró dè yín. Bí ó bá bi yín pé kí ló dé tí kì í ṣe ibí, ẹ má ṣe wolẹ̀ bí a ti wolẹ̀. Ẹ sọ fún un pé òkun gúúsù ṣí sílẹ̀ gbayawu, pé àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ti bá wọn kọ́ sátẹ́láìtì, àti pé ẹni tí yóò tà á láti Ẹ̀pẹ́ ni a ń wá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ fún un.