Ẹni Tí Àìsàn Rẹ̀ Le Jù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dá Lóhùn

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn wa sọ̀rọ̀. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Challenge níbí n'Ìbàdàn ni mo ń gbé.

Láìpẹ́ yìí ni ara ọmọ ọmọ mi gbóná janjan, tó ń mí gúlegúle. A gbé e dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà 43. Àwọn tó wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, ló wà níwájú wa. Ìgbà tí gìrì mú ọmọ náà lórí itan ìyá rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ tó já a gbà. Ọlọ́run yọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé, ṣé ẹni tó tètè jí náà ni àìsàn rẹ̀ le jù ni?

Ní Gúúsù Áfíríkà, láti 2004 ni àwọn dókítà Cape Town ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan. Nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ wo èémí aláìsàn, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí, yóò sì fún un ní àwọ̀. Pupa, lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ọsàn, kó má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Yẹ́lò, wákàtí 1. Àwọ̀ ewé, wákàtí 4.

Àwọn onímọ̀ tún ti ń fi kọ̀ǹpútà kún irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lotfi Zadeh ní Amẹ́ríkà ló la ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ní 1965. Ohun tó sọ kò ṣàjèjì sí wa: omi tí kò gbóná kò ní kó tutù dandan, ó lè lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bí ìwé bá ní 39 ni ibà tó le, ṣé ká wá lé ọmọ tó ní 38.9 sẹ́yìn? Kọ̀ǹpútà yóò wo bí ibà náà ṣe sún mọ́ líle tó, yóò wo bí èémí ṣe yá tó, yóò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò sì to àwọn aláìsàn bó ṣe yẹ.

Àwọn kan yóò ní, iná mànàmáná ńkọ́? Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Páálí aláwọ̀ mẹ́rin kò gba iná, kò sì wọ́n. Bí kọ̀ǹpútà bá sì dé lọ́la, nọ́ọ̀sì tó ń fojú rí aláìsàn ni kó ní àṣẹ ìkẹyìn.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdíkídìí. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ń bẹ fún ẹni tó bá rú u. Ẹni tí wọ́n fi nọ́ńbà dá dúró títí ẹ̀mí fi bọ́, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n kọ̀? Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ dákun, ẹ wá nǹkan ṣe sí i.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Káfíńtà,
Challenge, Ìbàdàn.