Kọ̀ǹpútà tó ń wá ìwé: ta ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ Ṣakí?

Ẹni tó bá fẹ́ wá ìtàn Ṣakí nínú ìwé àtijọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé orúkọ ìlú náà kò dúró sójú kan. Àwọn òyìnbó amúnisìn kọ ọ́ ní “Shaki”, ìwé ìjọba ń kọ ọ́ ní “Saki”, bẹ́ẹ̀ “Ṣakí” ni àkọtọ́ Yorùbá wí. Kọ̀ǹpútà tó ń fi lẹ́tà nìkan wá ọ̀rọ̀ yóò ka ìlú kan ṣoṣo sí mẹ́ta. Bákan náà ni ti Òkè-Ihò, tí àwọn kan ń kọ ní “Okeho”, tí àwọn mìíràn ń kọ ní “Okeiho”.

Irú ìṣòro yìí ni ọgbọ́n tuntun tí wọ́n ń pè ní AI wá kojú. Ní 2020, Patrick Lewis àti àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Facebook gbé ọ̀nà kan jáde. Ẹ̀rọ yóò gé ìwé sí abala kéékèèké, yóò sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, yóò sì ṣe ìbéèrè ènìyàn bẹ́ẹ̀. Abala tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sún mọ́ ti ìbéèrè jù ni yóò kó fún ẹ̀rọ tó ń dáhùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó béèrè ohun tó fa rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ihò ní 1916 lè bá ojú ìwé kan pàdé tó ń sọ̀rọ̀ nípa kóòtù ìbílẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí “rògbòdìyàn” níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkè òkun ni ẹ̀rọ tó ń dáhùn náà sábà máa ń wà, gbogbo ẹni tó ń gbé Òkè-Ògùn ló sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní async, tó wọ inú èdè Python ní kíkún ní 2015. Obìnrin tó ń se ẹ̀wà tà kì í dúró ti ìkòkò títí ẹ̀wà yóò fi rọ̀. Ó gbé e kaná, ó lọ lọ ata, ó tún dá oníbàárà lóhùn, ìgbà tí ìkòkò bá ń hó ló ń padà sí i. Ètò tí kò bá mọ ọgbọ́n yìí, bí ìbéèrè kan bá há sójú ọ̀nà, gbogbo àwọn yòókù yóò dúró dè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti le gan-an ni àmì. Lẹ́tà “ẹ́” ní ju ọ̀nà kan lọ tí wọ́n lè gbà tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀, ẹ̀rọ rí i. Ẹni tó bá sì ní kí òun yọ gbogbo àmì kúrò ti sọ oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan, nílẹ̀ àwọn àgbẹ̀! Ní agbègbè tí ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ oyè ti lè jókòó sí kóòtù fún ọdún gbọọrọ, ọdún kan péré tí ẹ̀rọ bá fi inú ara rẹ̀ rò lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín agboolé méjì. Nítorí náà, ìdáhùn tí kò bá fi ojú ìwé tó ti mú un hàn, kò yẹ kí lọ́yà gbé e dé iwájú adájọ́.

Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ lórí èdè wa. Masakhane ti wà láti 2019, ìjọba àpapọ̀ sì gbé N-ATLaS, tó gbọ́ Yorùbá, jáde ní 2025. Ẹni tí yóò mọ̀ pé Shaki àti Ṣakí jẹ́ ọ̀kan ló kù, ọmọ ibẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Póli wà ní Ṣakí, LAUTECH ní ọgbà ní Ìsẹ́yìn. Àmọ́ irú ibi bíi Yaba l’Ékòó ni àwọn tó mọṣẹ́ yìí ti ń ṣe ìpàdé, ó sì lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò fi í sí. Mọ́tò wo ni yóò gbé akẹ́kọ̀ọ́ padà dé Ṣakí lóru, nígbà tí àwọn awakọ̀ gan-an ń sá fún ọ̀nà lálẹ́? Kí wọ́n gbé ìpàdé náà wá sí gbọ̀ngàn póli lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kò le rárá. Iná ni yóò le díẹ̀: ìdídò Ìkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láyé Shagari, tí wọ́n ní yóò pèsè mẹ́gáwáàtì 6, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà tí kò mú iná kankan jáde, nítorí náà kí ẹni tó ń bọ̀ má gbàgbé jẹnẹrétọ̀.