Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ Dára fún Òbí tí Iṣẹ́ Wọ̀ Lọ́rùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀pọ̀ òbí mu lóde òní. Wàhálà iṣẹ́ ń bẹ, owó ilé-ìwé ń bẹ, àtijẹ àtimu ń bẹ, àìsàn ọmọ ń bẹ. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé mì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí irú òbí bẹ́ẹ̀ ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó sùn. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má bínú pé ọmọdé ni ó ń gbà yín nímọ̀ràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti jí. Ó pọn omi, ó dáná, ó wẹ ọmọ méjì, ó sì dúró de ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Nígbà tí ó dé ìsọ̀, oníbàárà tí ó kó aṣọ láwìn kò yọjú. Ó padà sílé lálẹ́, ọmọ rẹ̀ fọ́ àwo kan, ó sì gbá a létí. Ǹjẹ́ nítorí àwo ni? Rárá o. Oníbàárà ni ó jẹ gbèsè, ọkọ̀ ni ó pẹ́, etí ọmọ ni ó san án. Ọmọ kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìyá òun kò fẹ́ rí òun sójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti baba tí ọ̀gá bú níbi iṣẹ́, tí ó wá ń jágbe mọ́ gbogbo ilé.

Bí ìyá yìí bá jókòó, tí ó kọ ọ́ pé, “Owó aṣọ mi tí kò wọlé ni ó ń dùn mí,” yóò rí i pé ọ̀tọ̀ ni gbèsè, ọ̀tọ̀ ni àwo. Ọ̀rọ̀ inú dàbí òwú tí ó lọ́ pọ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ti rí orí òwú náà mú. Àwọn àgbà sọ pé àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Kò sí ẹni tí kì í bínú, ṣùgbọ́n a lè wá ibòmíràn tí a ó máa da ìbínú sí yàtọ̀ sí ara ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1986, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, James Pennebaker, àti Sandra Beall tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lóru mẹ́rin tẹ̀léra. Àwọn tí wọ́n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó dùn wọ́n jù, tí wọ́n sì kọ bí ó ti rí lára wọn, banú jẹ́ díẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e, wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn tí wọ́n kọ ohun yẹpẹrẹ. Ní ọdún 2006, a kó ìwádìí 146 irú èyí jọ, a sì rí i pé àǹfààní wà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tóbi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò kúkú wọ́n.

Nílẹ̀ wa pẹ̀lú, kì í ṣe ohun àjèjì. Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn, ẹni tí ó ṣe aṣáájú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kọ irú ìwé báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ọdún 1960. Ó kọ nípa ìlú, ó sì kọ nípa àìlówó àti àníyàn tirẹ̀. Àwọn ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba ńlá wa kò kọ ìwé kankan kí wọ́n tó tọ́ ọmọ yanjú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbo ilé ni wọ́n ń gbé. Bí inú bá bí ìyá, ìyá àgbà á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, orogún tàbí ìyàwó ilé á bá a sọ̀rọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń gbé yàrá méjì láàárín àwọn tí wọn kò bá tan. Àwọn mìíràn yóò ní àyè kò sí. Ẹni tí kò bá rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó kọ ìlà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá sì ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn á kà á, kí ó ya ojú ìwé náà nígbà tí ó bá kọ ọ́ tán. Kíkọ ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pípamọ́.

Báwo ni kí ẹ ṣe é? Ẹ ra ìwé kékeré àti bírò kan. Ẹ kọ déètì. Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ó wúwo lọ́kàn mi lónìí? Èwo ni ó wà ní ìkáwọ́ mi láti ṣe lọ́la? Kí ni ohun dáradára kan tí mo rí lára ọmọ mi? Ẹ má dààmú nípa àmì ohùn tàbí sípẹ́lì. Kò sí olùkọ́ tí yóò fún yín ní máàkì.

Àmọ́ ṣá, ìwé kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ọkọ tí kò ran aya rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ra ìwé fún un kí ó sì jókòó tẹtẹrẹ. Bí oorun bá dá lójú ẹni lọ́pọ̀ ọjọ́, tàbí tí ayé bá sú u, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó lọ.

Ní ìparí, mo rọ ẹ̀yin òbí wa pé kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Takadá kì í sunkún, kì í sì í rántí. Ọmọ a máa rántí.