Júù Wo Lẹ Ń Wí?

Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn láti máa sọ pé, “Báyìí ni àwọn Júù ṣe ń ṣe é.” Ìbéèrè tèmi ni pé, Júù wo? Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú ẹni tó ń to lẹ́tà ni mo sì fi ń wo ìwé: ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀, ta ni wọ́n fún ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n yọ dànù.

Ẹ wo Shulchan Aruch, ìwé tí Júù ń yẹ̀ wò fún òfin àti àṣà ẹ̀sìn wọn. Rábì Joseph Karo ló kọ ọ́ ní Safed, ní Gálílì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Venice lọ́dún 1565. Ọmọdé ni Karo nígbà tí wọ́n lé àwọn Júù kúrò ní Sípéènì lọ́dún 1492, àṣà àwọn Júù Sípéènì yìí ló sì pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ dé Kraków, ní Pólándì, Rábì Moses Isserles kà á, ó ní lọ́dọ̀ tiwa, ibi púpọ̀ wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Dípò kó ju ìwé náà nù, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ há àárín ti Karo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ títí dòní, lẹ́tà ti Karo lọ́tọ̀, ti Isserles lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ adìẹ ló wù mí jù níbẹ̀. Kí Ọjọ́ Ètùtù tó wọlé, àwọn kan a mú àkùkọ fún ọkùnrin, àgbébọ̀ fún obìnrin, wọ́n a fi yí orí onítọ̀hún po lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú àdúrà, wọ́n a wá pa á, ẹran rẹ̀ a sì di ti aláìní. (Mo mọ àwọn tó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí.) Karo ní kí wọ́n ṣíwọ́ rẹ̀. Isserles ní àṣà àwọn àgbà ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà. Ojú ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀ o! Lónìí, àwọn mìíràn a fi owó dípò adìẹ. Àwọn mìíràn ṣì ń gbé adìẹ, ní Jerúsálẹ́mù àti ní Brooklyn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrẹsì nígbà Àjọ Ìrékọjá: Karo gbà á láyè, Isserles ní àwọn ará ọ̀dọ̀ òun kì í jẹ ẹ́.

Ohun tó bí mi nínú ni pé nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, àkọlé orí tó sọ̀rọ̀ adìẹ pè é ní àṣà òmùgọ̀. Àwọn òǹtẹ̀wé tó dé lẹ́yìn yọ ọ́ kúrò. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Ẹni tó ń to lẹ́tà kì í ṣe onídàájọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le jù, Isserles ti fèsì sí i nísàlẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó àṣà ìdílé àti ti ìlú jọ sínú ìwé báyìí, mo ti tẹ irú rẹ̀ púpọ̀ rí, ohùn kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ohùn ẹni tó sanwó ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tó ní kò rí bẹ́ẹ̀ nílé tòun, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ tiyín, kódà bó ṣe lẹ́tà wẹ́wẹ́.