Ẹ̀rọ Kọ́ ni Ilé Ẹjọ́ ń Bá Wí

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàárín àwọn lọ́yà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti àwọn tó ń tẹ̀lé ìròyìn Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ ti gbógun ti ẹ̀rọ AI. Wọ́n ní lọ́yà tó bá ti fi ChatGPT ṣiṣẹ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìtanràn, àti pé ẹ̀rọ ló kó bá gbogbo àwọn tí ìyà ti jẹ. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba ara wọn ni pé kí oníkálùkù jìnnà sí ẹ̀rọ, ewu á sì kọjá.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka àwọn ìdájọ́ náà, tí kò dúró sórí àkọlé ìròyìn, yóò rí i pé ohun méjì ni àwọn adájọ́ ń bá wí: kí èèyàn buwọ́ lu ìwé tí kò yẹ̀ wò, àti kí ó máa fi irọ́ bo àṣìṣe lẹ́yìn tí àṣírí ti tú. Ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ọdún 1938 ni àwọn Òfin Ìlànà Ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Òfin 11 nínú wọn ló jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní lọ́yà gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé tó bá mú wá síwájú adájọ́. Bó ṣe ń buwọ́ lù ú, ó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ti ṣe ìwádìí tó yẹ, pé òfin ti àríyànjiyàn òun lẹ́yìn, àti pé kì í ṣe láti fi yọ ẹnìkan lẹ́nu lásán ni òun ṣe wá. Ní 1983, wọ́n mú òfin náà le débi pé dandan ni kí adájọ́ fìyà jẹ ẹni tó bá rú u. Kò pẹ́ tí àwọn lọ́yà fi sọ ọ́ di ohun ìjà sí ara wọn. Ní 1993, wọ́n dẹ̀ ẹ́: ọwọ́ adájọ́ ló kù sí láti pinnu bóyá ìyà tọ́, ìyà náà kò sì gbọdọ̀ ju èyí tí kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lọ. Bí ẹnìkejì lẹ́jọ́ bá sì fẹ́ fi Òfin 11 mú lọ́yà, ó gbọ́dọ̀ fún un ní ọjọ́ 21 kí ó fi kó ìwé rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sí orúkọ ẹ̀rọ kankan nínú òfin náà. Ìwà ọmọ ènìyàn ni ó ń ṣọ́.

Ẹjọ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni ti ọkọ̀ òfurufú Avianca, ní New York. Arìnrìn-àjò kan sọ pé kẹ̀kẹ́ oúnjẹ onírin gbá òun lórúnkún nínú ọkọ̀ náà ní 2019. Nígbà tí Avianca ní àkókò ti kọjá lórí ẹjọ́ náà, àwọn lọ́yà arìnrìn-àjò náà kọ ìwé ìdáhùn tó kún fún àwọn ìdájọ́ tí ChatGPT hun jáde, tí ilé ẹjọ́ kankan kò dá rí. Ní June 2023, Adájọ́ P. Kevin Castel bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé lọ́yà méjì àti iléeṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìtàn náà mọ.

Ohun tí adájọ́ kọ gan-an ni pé kò sí ohun tó burú nínú kí lọ́yà lo irinṣẹ́ tó ṣe é gbára lé. Kí ló wá bí i nínú? Àwọn lọ́yà Avianca ti sọ pé àwọn kò rí ìdájọ́ wọ̀nyẹn níbikíbi. Kóòtù ní kí àwọn lọ́yà arìnrìn-àjò náà kó ẹ̀dà wọn wá. Dípò kí wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ náà, wọ́n sì kó ohun tó tún hun wá síwájú adájọ́. Ọ̀kan nínú wọn parọ́ pé ìsinmi ni òun lọ, kí ó lè fi gba àkókò. Ẹni tó buwọ́ lu ìwé náà kò ka ìdájọ́ kankan nínú wọn. Yàtọ̀ sí owó, adájọ́ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí oníbàárà wọn àti sí gbogbo adájọ́ tí wọ́n fi orúkọ wọn sórí ìdájọ́ èké náà.

Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ Michael Cohen, tó ti fìgbà kan jẹ́ lọ́yà Donald Trump. Ẹjọ́ tirẹ̀ jẹ́ ti ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló dìde. Cohen fi Google Bard, ẹ̀rọ AI mìíràn, wá ìdájọ́ mẹ́ta, kò mọ̀ pé èké ni wọ́n. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí lọ́yà rẹ̀, ìyẹn náà sì kó wọn síwájú kóòtù láìyẹ̀ wọ́n wò. Ní March 2024, Adájọ́ Jesse Furman bá wọn wí gidigidi, àmọ́ ó kọ̀ láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, torí kò rí ẹ̀rí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ tan òun. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni ilé ẹjọ́ ń bá jà, Cohen àti lọ́yà rẹ̀ kì bá tí bọ́.

Wyoming tún fi yé wa kedere. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe Walmart, ìdájọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn lọ́yà tọ́ka sí, mẹ́jọ nínú wọn kò sí láyé. Ẹni tó kọ ìwé náà fi ẹ̀rọ AI tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lò ṣe é. Kíá tí àṣírí tú ni wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n kó ìwé náà kúrò nílẹ̀, wọ́n sì san owó tí ẹnìkejì ná. Ní February 2025, ẹni tó kọ ọ́ san 3,000 dọ́là. Àwọn méjì yòókù, tí wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá, san 1,000 dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn? Orúkọ wọn wà lábẹ́ ìwé tí wọn kò kà. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń sọ pé lílo ẹ̀rọ ni wọ́n ń fìyà jẹ, kí ó wá ṣàlàyé ìtanràn àwọn méjì yìí.

Bí ó bá ṣì ku ẹni tó ń jiyàn, kí ó wo àwọn ẹjọ́ tí AI kò sí nínú wọn rárá. Ní 2022, Donald Trump pe Hillary Clinton àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn lẹ́jọ́ ní Florida. Adájọ́ Donald Middlebrooks da ẹjọ́ náà nù. Ní January 2023, ó ní kí Trump àti lọ́yà rẹ̀, Alina Habba, pẹ̀lú iléeṣẹ́ lọ́yà náà, san nǹkan bí 938,000 dọ́là nítorí ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn ní November 2025. Ènìyàn ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ẹjọ́ náà, owó tí wọ́n sì bù lé wọn lórí fi ìlọ́po gọbọi ju ti ẹjọ́ Avianca lọ.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là kò tó nǹkan lójú iléeṣẹ́ lọ́yà olówó. Òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn yìí, àwọn adájọ́ fúnra wọn sì ti ń sọ ọ́. Ní July 2025, Adájọ́ Anna Manasco ní Alabama kọ ọ́ pé ìtanràn àti ìtìjú gbangba kò tó mọ́. Nítorí irú ìdájọ́ èké bẹ́ẹ̀, ó yọ lọ́yà mẹ́ta kúrò nínú ẹjọ́ tí wọ́n ti ń gbèjà ọ̀gá àgbà àná kan fún ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ìdájọ́ náà han àwọn oníbàárà wọn, àwọn lọ́yà tó ń bá wọn jà àti àwọn adájọ́ tí wọ́n ní ẹjọ́ níwájú wọn. Ó tún fà wọ́n lé àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ lọ́yà lọ́wọ́.

Ìdí wà tí adájọ́ kò fi lè ṣáà máa bu owó bó ṣe wù ú. Iléeṣẹ́ táyà Goodyear fi èsì àyẹ̀wò táyà kan pamọ́ fún ìdílé kan tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní 2003. Wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn kí lọ́yà ìdílé náà tó kà nínú ìwé ìròyìn pé èsì náà wà. Adájọ́ ní kí iléeṣẹ́ náà àti àwọn lọ́yà rẹ̀ san 2.7 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da iye náà nù. Adájọ́bìnrin Elena Kagan kọ ọ́ pé bí adájọ́ bá lo agbára tó bá ipò rẹ̀ wá, owó lọ́yà tí ìwà èké náà gan-an mú kí wọ́n ná ni ó lè gbà padà. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ti di ìjìyà bíi ti ọ̀daràn, ìlànà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ohun tó tọ́ ni Kagan kọ. Ìyà tí kò ní òṣùwọ̀n yóò lé aláìní sá kúrò ní kóòtù kí ó tó lé olówó.

Ẹ̀sùn mìíràn lágbára ju èyí lọ: pé àwọn adájọ́ náà ti ṣubú. Ní 2025, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní New Jersey àti òmíràn ní Mississippi kó ìdájọ́ wọn kúrò nílẹ̀ nítorí àwọn àṣìṣe tó wà níbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Sẹ́nétọ̀ Chuck Grassley pé òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àwọn ló lo AI. Òfin 11 kò dé ọ̀dọ̀ adájọ́, àbùkù ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó tún ti ìdí rẹ̀ yọ ni pé wọ́n jẹ́ kí ìwé jáde kí àyẹ̀wò tó parí.

Ẹni tó ń kó ẹ̀bi lé ẹ̀rọ lórí ń ṣe ìpalára gidi. Ó ń fún ọ̀lẹ lọ́yà ní àwáwí, ó sì ń gbàgbé oníbàárà. Ọjọ́ tí wọ́n bu ìtanràn lé àwọn lọ́yà nínú ẹjọ́ Avianca náà ni wọ́n da ẹjọ́ arìnrìn-àjò náà nù, torí ọdún méjì tí àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn-àjò òfurufú fún un ti kọjá. Ìwé tí ì bá gbìyànjú láti gbà á là ló kún fún èké.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, Atlanta àti Maryland ló ń gba lọ́yà, àwọn mìíràn sì ń dá kọ ìwé ẹjọ́ wọn. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò ní lọ́yà náà ń buwọ́ lùwé lábẹ́ Òfin 11. Kí ẹni tó gba lọ́yà béèrè kí ìwé tó wọ kóòtù pé: “Ta ló ka gbogbo ìdájọ́ tí ẹ tọ́ka sí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?” Bí lọ́yà kò bá lè dárúkọ ẹni náà, kí oníbàárà ní kí ó dá ìwé náà dúró.