Kí Àmì Ohùn Má Baà Sọnù Lára Ògiri: Èrò Lórí Yíyan Ohun-Èlò fún Ṣíṣe Síláìdì Láti Inú Ọ̀rọ̀ Gbẹrẹfu

Àwa tí a ti lo ẹ̀rọ taipuráítà rí kò lè gbàgbé wàhálà tí ó wà nínú fífi í tẹ èdè Yorùbá. Lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lórí ẹ̀rọ náà. Bí a bá tẹ iṣẹ́ tán, a ó mú bírò, a ó máa fi ọwọ́ kán àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, a ó sì máa fi àmì ohùn sórí fáwẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ṣùgbọ́n èrè kan wà níbẹ̀: àmì tí a bá ti fi bírò fà sórí ìwé kì í sá kúrò níbẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ti gba ipò taipuráítà, síláìdì tí a ń gbé sára ògiri sì ti ń gba ipò pátákó ìkọ̀wé. Ohun tí ó ń dunni ni pé àmì tí a fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ lè wà nílé kí ó má sí ní kíláàsì.

Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ọ̀jọ́, mo kọ́ àwọn olùkọ́-lọ́la ní orúkọ irin-iṣẹ́ àti ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá. Mo ti ṣe síláìdì mi nílé, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nígbà tí a ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní gbọ̀ngàn, fọ́ǹtì tí mo lò kò sí níbẹ̀. Àmì ohùn kan fò kọjá lórí lẹ́tà tirẹ̀, òmíràn di àpótí kékeré tí ó ṣófo, òmíràn sì pòórá. Kí n tó là á yé wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń da ohun tí wọ́n rí kọ. Nígbà tí mo gba ìwé wọn wò, ‘ọkọ́’ àti ‘ọkọ̀’ ti di ‘ọkọ’ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọkọ ni ó ṣáájú nínú irin-iṣẹ́ àgbẹ̀, àdá sì tẹ̀ lé e. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà kò pa mí mọ́.

Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ìjànìkin. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni Adéníran Ògúnsànyà wà, èyí tí a pa pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti Nóforíjà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ní 2022, tí wọ́n fi di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, kò sì jìnnà sí wọn ní Ọ̀jọ́. Ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ ni yóò kọ́ ọmọ ní Ìbà, ní Òkòkòmáíkò, títí dé Àgbádárìgì. Àṣìkọ tí ó bá kó kúrò ní kíláàsì wa, ọmọ ogójì ni yóò tún un kọ ní kíláàsì tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn aṣáájú wa ṣe. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀. Ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí jókòó lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n yẹ ìtumọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ lélẹ̀. Ọ̀wọ́ kì í ṣe ọwọ́, ọwọ́ kì í ṣe ọwọ̀, ọwọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀. Ìperí tí kò ní ohùn mọ́ kì í ṣe ìperí mọ́, àlọ́ ni.

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ orúkọ ohun tí a ń sọ. ‘Síláìdì’ ti mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, n kò sì rí ìdí tí a ó fi bá wọn jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú fáìlì kan wà tí kò ní ohun mìíràn nínú ju lẹ́tà, òǹkà àti àmì lọ: kò ní àwọ̀, kò ní fọ́ǹtì, kò ní àwòrán. Kí ni a ó pè é? ‘Ọ̀rọ̀ lásán’ kò dára, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí ni ìyẹn. ‘Ọ̀rọ̀ geere’ ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀. Mo dábàá ‘ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu’, nítorí pé ohun tí a kò tíì fi nǹkan mìíràn lù ni à ń pè ní gbẹrẹfu.

Èrò mi nìyí: ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu ni kí olùkọ́ Yorùbá fi kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé láti inú rẹ̀ ni yóò ti máa yọ síláìdì. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fáìlì ọ̀rọ̀ náà ni ilé. Síláìdì ni òde. Bí ẹ̀ṣọ́ bá bọ́ sílẹ̀ lóde, a ó padà sílé lọ mú òmíràn.

Iṣẹ́ náà kò le tó bí a ti rò. Ní 2004, John Gruber gbé ìlànà ìkọ̀wé kan jáde tí ó pè ní Markdown. Àmì # níwájú ìlà sọ ọ́ di àkòrí; dáàṣì níwájú ìlà sọ ọ́ di ọ̀kan nínú ohun tí a tò lẹ́sẹẹsẹ. Ní 2006, John MacFarlane, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, gbé ètò kọ̀ǹpútà Pandoc jáde. Pandoc a máa ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, a sì máa sọ ọ́ di onírúurú síláìdì. Ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè tí ó kù ni irú síláìdì tí ó yẹ wá, mẹ́ta nínú wọn ni n ó sì yẹ̀ wò.

(i) Beamer, tí Till Tantau gbé jáde ní 2003. Orí LaTeX ni ó dúró lé. Kò sí èyí tí ó kọ ìṣirò dáadáa jù ú lọ, PDF tí ó ń ṣe sì máa ń gbé fọ́ǹtì tirẹ̀ dání. Nítorí náà, bí àmì bá ti pé nílé, yóò pé ní kíláàsì. Àléébù rẹ̀ méjì ni. Èkíní, ẹ̀rọ pdfLaTeX tí ó jẹ́ ti àtijọ́ kò mọ àmì ohùn wa í gbé lérí ara dáadáa. XeLaTeX tàbí LuaLaTeX ni kí a lò. Èkejì, bí a bá fẹ́ gba gbogbo àkójọ TeX Live láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ju gígábáìtì 5 lọ, dátà kò sì rọjú.

(ii) reveal.js, tí Hakim El Hattab gbé jáde ní 2011. Bùráúsà ni a fi ń wò ó, kò sì sí kọ̀ǹpútà òde òní tí kò ní bùráúsà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: bí a kò bá pàṣẹ fún Pandoc kí ó kó gbogbo ohun tí síláìdì náà nílò sínú fáìlì kan ṣoṣo, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti máa wá wọn. Ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ ni ẹ̀kọ́ yóò dúró.

(iii) PowerPoint, tí ó jáde ní 1987, tí Microsoft sì ra ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é lọ́dún náà. Pandoc lè ṣe irú fáìlì rẹ̀ pẹ̀lú. Àwòrán àti àtẹ rọrùn láti tún ṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ̀ọ́mọ̀ fi fọ́ǹtì sínú fáìlì náà, fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà tí a bá bá níbẹ̀ ni yóò lò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé PowerPoint ni gbogbo ènìyàn mọ̀, kí ni a ń wá kiri? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ètò kan ṣoṣo. Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò láti ka lẹ́tà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ ní àyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ń tẹ̀, kí a tó gbé àmì lé e, fọ́ǹtì ni yóò sì mọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Charis SIL, Gentium àti Noto mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìdí mìíràn wà tí mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu. A lè fi àmì sábẹ́ ò, a sì lè fi àmì sórí ọ. Ọ̀kan náà ni lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí méjì. Ẹni tí ó bá wá ‘ọkọ̀’ lè má rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Nínú fáìlì gbẹrẹfu, àṣẹ kan ṣoṣo ni yóò sọ gbogbo wọn di oríṣi kan. Nínú ọgọ́rùn-ún síláìdì tí ó fọ́n káàkiri, ta ni yóò ṣe é?

Nítorí náà, mo dábàá nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí olùkọ́ tó yan ohun-èlò, kí ó fi síláìdì kan ṣoṣo dán an wò, kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lórí rẹ̀: ẹ̀rọ, ẹ̀rọ̀, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ẹsẹ̀, ẹ̀ṣẹ́, òǹkà. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni kí ó ti wò ó, kì í ṣe tirẹ̀. Ohun-èlò tí ó bá jẹ àmì kan nínú wọn, kí ó kọ̀ ọ́, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó. Ẹ̀kejì, kí ẹ̀ka Yorùbá kọ̀ọ̀kan tọ́jú àkójọ ìperí rẹ̀ sínú fáìlì gbẹrẹfu tí ẹnikẹ́ni lè ṣí. Ẹ̀kẹta, PDF ni kí a gbé lọ sí gbọ̀ngàn tí a kò bá mọ̀, ọ̀rọ̀ gbẹrẹfu ni kí a sì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ dà á kọ.

Ní tèmi, mo ti padà sí kíláàsì yẹn. A pa ọkọ rẹ́ láàárín irin-iṣẹ́ àgbẹ̀, a sì fi ọkọ́ sí ipò rẹ̀. Ìwé tí mo rí ni mo tún ṣe. Èyí tí n kò rí ńkọ́? Ó ti wà ní kíláàsì níbòmíràn báyìí, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó gbà pé bí ó ti rí i lára ògiri ni ó rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa ni a wà lọ́jà yìí.